Kí Ọwọ́ Ẹnikẹ́ni Tó Dé Ìdí Ẹ̀rọ Yẹn

Awkunanaw,
Enugu.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ wa lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ kà á, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gbé e fún mi. Inú wa dùn pé iṣẹ́ tuntun náà bá ọ lára mu, pé àwọn ọ̀gá rẹ ní ilé iṣẹ́ oníke yẹn ti ń jẹ́ kí o dá tú ẹ̀rọ fúnra rẹ, àti pé o ti rí yàrá méjì ní Ìbàdàn tí omi ń yọ níbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun àárọ̀. Mo ti bi ọ́.

Yorùbá ni mo fi kọ èyí. Mo mọ̀ pé Òyìnbó yá ọ lẹ́nu jù ú lọ, àti pé Píjìn ni ìwọ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ fi ń bá ara yín jà nínú ilé yìí nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ, bí mo bá fi Òyìnbó kọ ọ́, yóò dà bí ìwé ọ́fíìsì, n óò sì rí ibi fara pamọ́ sí nínú rẹ̀. Rọra kà á. Ibi tí kò bá yé ọ, kà á sókè, yóò yé ọ.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo rò pé n óò kọ. Ibì kan nínú lẹ́tà rẹ ni kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. O ní ìwọ àti Ṣẹ́gun, tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ti ra ògbólógbòó kọ̀ńpútà kan, ẹ sì fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí kọ̀ńpútà yóò máa darí láti gé igi, irú èyí tí mo ṣe nígbà kan. O ní kí n fi mọ́tò iná mẹ́ta tó wà lára tèmi ránṣẹ́, nítorí pé tapólì ni mo kàn fi bò ó láti ọjọ́ yìí. Gbogbo ìyẹn dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ́ pé ẹ kò tíì rí súìṣì tó lè pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ẹ óò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láìsí i: Ṣẹ́gun yóò máa bójú tó igi, ìwọ yóò wà nídìí kọ̀ńpútà.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé lẹ́tà náà sílẹ̀, mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé. Ìyá rẹ tẹ̀ lé mi, ó ní, "Ẹ ó sọ fún un báyìí, àbí ẹ kò ní sọ?" Mo ní n óò sọ.

Ìtàn tí o mọ̀ nípa ọwọ́ Uncle Fidelis kì í ṣe òótọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo sọ ọ́ fún ọ bẹ́ẹ̀. O wà ní yunifásítì nígbà náà, mo sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó ti ọwọ́ bọ ibi tí mo ní kó má tì í bọ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n sì máa fi ìmọ̀ràn sí i bí ó bá ṣe ń bọ̀.

O rántí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Gariki, níbi tí ó ti ń fi ẹ̀rọ yí irin, tí ó ń gé e sí ìwọ̀n. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbé mi débẹ̀. Tábìlì tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀ ti dá ní ẹsẹ̀ irin, wọ́n sì ní òun nìkan ló lè yí irú irin bẹ́ẹ̀ kó bá ara rẹ̀ mu. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ kan tí mo wà nílé rẹ̀, ó gbé pákó kan jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ nù ún. Ara ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ní abúlé wọn lápá Awka ni. Ilà orí rẹ̀ ń bọ́ sínú ara wọn bí ẹní tí wọ́n hun, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan lọ.

Ó ní, "Àwòrán yìí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ ti kú. Irin ni èmi kọ́, n kò kọ́ igi."

Mo ti ka nípa ẹ̀rọ báyìí nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan ní ọ́fíìsì. Mọ́tò kan yóò máa gbé ọ̀bẹ tí ń yí lọ sápá òsì àti ọ̀tún, èkejì yóò máa gbé e lọ síwájú àti sẹ́yìn, ẹ̀kẹta yóò máa gbé e sókè sódò, kọ̀ńpútà ni yóò sì máa pàṣẹ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo sọ fún Fidelis pé bí òun bá lè ṣe irin rẹ̀, èmi lè ṣe kọ̀ńpútà rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa kọ̀ńpútà nígbà náà kò ju pé kí n tàn án, kí n tẹ lẹ́tà, kí n sì pa á.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní fún ọ wà níbẹ̀ yẹn. Ohun tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú àti ẹ̀rọ adàwékọ tí ọ́fíìsì gbá dànù ni mo ti tú mọ́tò wa jáde. Ìwọ ti mọ irú wọn dáadáa báyìí: wọn kì í yí bíi ti fáànù, ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì máa ń dúró gírí síbi tí o bá dá wọn dúró sí. Wáyà mẹ́fà ló jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo wo àwọ̀ wáyà ti àkọ́kọ́, mo sì so àwọn yòókù bákan náà, bẹ́ẹ̀ ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n kò bára mu. Èyí àkọ́kọ́ yí. Èkejì kàn ń gbọ̀n lójú kan, ó ń kùn. Mo fa wáyà kan yọ láìpa iná, bọ́ọ̀dù tí ń gbé àṣẹ kọ̀ńpútà dé ara mọ́tò sì rú èéfín. Nígbà tí Fidelis bèèrè, mo ní bọ́ọ̀dù náà ti bàjẹ́ kí n tó rà á. Irọ́ kékeré ni. Kò tilẹ̀ dùn mí. Mo ń sọ ọ́ fún ọ nítorí pé ẹnu mi ti mọ ọ̀nà báyìí kí ọjọ́ burúkú yẹn tó dé.

Obìnrin kan ló yọ mí nínú rẹ̀, Ìfẹ́ọmá, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Thinkers Corner níbi tí ó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ń tún kọ̀ńpútà ṣe. Kò ju ọjọ́ orí tí ìwọ wà báyìí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láìwọlé, nítorí pé ojú ń tì mí kí ọmọ tí mo lè bí máa kọ́ mi. Nígbà tí mo wọlé tán, kò lò ju wákàtí kan lọ. Ó fi mítà wo wáyà ní méjì-méjì, ó ní kí n kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí n sì fi téèpù sàmì sí i kí n tó so ohunkóhun. Máa ṣe bẹ́ẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Má gba àwọ̀ wáyà gbọ́. Má fọwọ́ kan okùn mọ́tò tí iná bá wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́ yí mọ́tò kọ̀ọ̀kan lórí tábìlì lásán, kí o tó dè é mọ́ irin.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó pè mí padà. Ó ní, "Daddy, nǹkan kan kù o. Kọ̀ńpútà yìí, nígbà tí ó bá ń jí, ó máa ń rán àṣẹ kàṣàkàṣà gba ihò tí ẹ ki okùn yín bọ̀ yẹn, kí iṣẹ́ tí ẹ kọ sínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iná wà lára mọ́tò nígbà náà. Ẹ fún wọn ní súìṣì tiwọn, àwọn àti ọ̀bẹ. Kó jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé bí iná bá lọ tó sì dé, kò ní padà tàn àfi bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo wá irú súìṣì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì, n kò rí i. Mo sì wá pinnu pé a óò fi í sí i tó bá yá. Ṣé o rí i pé ohun tí ìwọ náà kọ sí mi gan-an nìyẹn?

Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé n kò sọ ọ́ fún Fidelis. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa wà nítòsí ọ̀bẹ. Èmi ni mo mọ ohun tí ọ̀bẹ lè ṣe. Bí mo bá sọ fún un, yóò ní ká dúró, èmi kò sì fẹ́ dúró.

A ti lò ó pẹ̀lú bírò ná, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ kọ́kọ́ fi bírò ṣe é kí ẹ tó fi ọ̀bẹ sí i. A de bírò mọ́ ibi tí ọ̀bẹ yóò wà, a tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà pákó yẹn, èyí tí mo ti fi rúlà wọ̀n, tí mo sì tẹ̀ sínú kọ̀ńpútà ní ojú-ojú. Nígbà tí ó parí, Fidelis fi ìka tọ ìlà náà yí ká, ó sọ ọ́ ní Píjìn pé, "Na my papa hand be this." Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e la fi igi sí i nílé wa. Ọ̀sán gangan ni. Ó ti gé e ju ìdajì lọ nígbà tí wọ́n mú iná. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ìyẹ̀ igi ti kún ìdí ọ̀bẹ, Fidelis sì wò mí, ó ní, "Ṣé kí n kó o kúrò?"

Mo ní, "Kó o, iná kò sí."

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. N kò yọ okùn lára ògiri. Mo jókòó sídìí kọ̀ńpútà tó ti kú, mo ń ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí iná fi dé. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí kíá. Bí kọ̀ńpútà sì ṣe ń jí, mọ́tò fò, ó gbé ọ̀bẹ náà lọ sí ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí Ìfẹ́ọmá ti wí. Mo sáré lọ síbi ògiri, àmọ́ ẹ̀yìn tábìlì ni ihò iná wà, mo ní láti kọ́kọ́ ti tábìlì. Nígbà tí mo fi máa fa okùn náà yọ, ó ti tán.

Ìka méjì ni, ní ọwọ́ ọ̀tún. Àwọn dókítà gé ọ̀kan kúrò ní oríkèé àkọ́kọ́. Èkejì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún ká mọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Mama Ngozi, bá wa ní ọsibítù. Aṣọ ìdáná ló ṣì wà lára rẹ̀. Èmi ló bi, kì í ṣe ọkọ rẹ̀, ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí bí ó ti máa ń ṣe: "Papa Tọ́lá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo rí ojú rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí. Mo ní, "Mo sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án."

Fidelis ń gbọ́. Ojú rẹ̀ là. Ó wò mí, ó sì yíjú sí ògiri.

Mo bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé ọsàn àti mílíìkì lọ. A sọ̀rọ̀ òjò. Lẹ́yìn náà n kò lọ mọ́. Mo fi tapólì bo ẹ̀rọ náà, mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ náà yóò rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Oṣù méje kọjá bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé ṣé bí mo ṣe sọ ọ́ náà ló rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò tún bèèrè mọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò gbà mí gbọ́, oúnjẹ kò sì dùn nínú ilé yìí fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méje náà, irin kan tún dá ní ọ́fíìsì. N kò lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Fidelis, mo bá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ní Gariki. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò mọ̀ mí rí. Bó ṣe ń wọn irin náà, ó ní, "Ó dáa tí ẹ gbé e wá síbí. Ọ̀gbẹ́ni tó wà lọ́hùn-ún yẹn kì í ṣọ́ra. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kan sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn án, ó fọwọ́ kàn án. Ta ni yóò gbé iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, kò yí padà rárá. Mo dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ọ̀rọ̀ ń rọlẹ̀, ńṣe ni ó ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tí mo ti gba ìka lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gba irin mi padà, mo rìn lọ sọ́dọ̀ Fidelis. Àwọn ènìyàn mẹ́ta wà níbẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dúró kí wọ́n lọ, n kò ní sọ ọ́. Mo sọ ọ́ lójú wọn: pé èmi ni mo ní kó kó ìyẹ̀ igi kúrò, pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi nípa súìṣì, pé n kò sọ fún un, àti pé mo purọ́ mọ́ ọn. Ó ń fi ọwọ́ òsì rọ irin lọ. Kò dúró títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Jókòó."

Nígbà tí àwọn yẹn lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tí kò tú àṣírí mi láti ọjọ́ kìíní.

Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ìjà ni yóò dà. Mo ń dúró kí o sọ ọ́ fúnra rẹ. N kò mọ̀ pé yóò pẹ́ tó báyìí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Èmi ti mọ òtítọ́ tẹ́lẹ̀. Lọ sọ fún ìyàwó mi."

Ìyẹn ló le jù. Mama Ngozi gbọ́ mi látòkè délẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Oṣù méje ni mo fi ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ láràárọ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí n kò bú u pé olóríkunkun ni. Kò dá mi lóhùn rí." Ó sì wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Kò tíì sọ fún mi títí di òní pé òun ti dárí jì mí. N kò sì bèèrè.

Mo lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Gariki lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi mí pé ibo ni mo ti wà láti ọjọ́ yìí. Àwọn oníbàárà kan padà, àwọn kan kò padà. Ìka kò padà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Fidelis wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó mú súìṣì kan dání tí ó ṣe, ó ní orí pupa tó fẹ̀ bí ìdérí ife. Bí iná bá lọ, ó máa ń já fúnra rẹ̀, kò sì ní padà àfi bí o bá tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣí ẹ̀rọ náà." Àwa méjèèjì jọ dè é mọ́ ọn, níbi tí ọwọ́ ẹni tó wà nídìí igi lè dé. A gé àwòrán pákó bàbá rẹ̀ parí sára igi tuntun. Ó wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, o ti rí i, o kàn rò pé ó rà á ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ká bo ẹ̀rọ náà, pé ohun tí òun fẹ́ lára rẹ̀, òun ti rí i.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dá fún ọ ní mọ́tò wọ̀nyẹn. Àwa méjèèjì la ni ẹ̀rọ náà. Mo mú lẹ́tà rẹ lọ bá a lánàá. Ó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó padà sí ibi tí orúkọ Ṣẹ́gun wà, ó ní, "Ẹni yìí, ṣé ó mọ ohun tí ọmọ rẹ mọ̀?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n fi mọ́tò náà ránṣẹ́, kí n sì tú súìṣì náà kúrò, kí n fi kún un. Bùrọ̀dá kan nínú ìjọ wa tó ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí yóò kó wọn bọ̀. Mo ti fi téèpù sàmì sí wáyà wọn, mo sì kọ ìwé kékeré mọ́ ọn.

Súìṣì ni kí o kọ́kọ́ dè, kí o tó de ohunkóhun. Tan kọ̀ńpútà, dúró kó jí tán, kí o tó fún mọ́tò níná. Bí o bá fẹ́ pa á, mọ́tò ni kó kọ́kọ́ kú. Bí wọ́n bá mú iná, yọ okùn lára ògiri kí o tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Jẹ́ kí okùn náà wà níbi tí ọwọ́ máa dé.

Èyí tó kù kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Bí o bá ṣe àṣìṣe níbi iṣẹ́ rẹ tuntun yẹn, ìwọ yóò sì ṣe é, sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e rù.

Kí ẹ tó fi iná sí i, mú Ṣẹ́gun jókòó, kí o ka lẹ́tà yìí sí i létí láti òkè délẹ̀. Ó lè máa wù ọ́ láti fo àwọn ibi tí ó bà mí lórúkọ jẹ́, nítorí pé bàbá rẹ ni mí. Má fo wọ́n. Àwọn ni kí o rọra kà jù.

Kí Olúwa pa ọwọ́ ẹ̀yin méjèèjì mọ́.

Bàbá rẹ.